Ínfátà Tí Kò Gbọdọ̀ Dorí Kodò

Shek Tai-ho ò yí ẹja padà nínú àwo rí láyé ẹ̀. Orí omi ni wọ́n bí i sí, orí omi ló ti lọ́kọ, inú ọkọ̀ onígi tó so mọ́ èbúté Cheung Chau yẹn náà ló sì ti bí ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá jẹ apá òkè ẹja tán, á fi igi ìjẹun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gbé egungun ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò jẹ́jẹ́, wọ́n á wá jẹ ìsàlẹ̀ níbi tó wà. Ẹni tó bá yí ẹja padà, ọkọ̀ ló fẹ́ kó dojú dé yẹn. Abọ́ ò gbọdọ̀ dojú dé lọ́dọ̀ ẹ̀, bàtà ò gbọdọ̀ dojú dé. Gáráwà tó bá fọ̀ tán, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fi í sùn kí omi inú ẹ̀ lè gbẹ.

Ọkọ ẹ̀, Fung Fo-shing, ti fi sìgá jẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ tán. Dókítà ní kó máa lo ẹ̀rọ tó ń fún èèyàn ní afẹ́fẹ́ mí, ẹ̀rọ kan tó tóbi tó àpótí aṣọ, tó ń kùn bí ológbò, tó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì bọ imú. Ẹ̀rọ yẹn ò sì gbọdọ̀ kú. Bí Kin-hang, ọmọ wọn, ṣe gbọ́ báyìí, ó ti orí ilẹ̀ dé.

"Màmá, ọkọ̀ yìí ò níná. Jẹnẹrétọ̀ yín, ariwo lásán ló ń pa. Yàrá kan ṣófo nílé mi ní Tuen Mun. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá ẹ̀ yọ rọ́bà nímú. "Ká máa lọ síbo? Kí n wọnú àpótí kí n tó kú?"

"Bàbá, àjà kẹtàlélógún ni, kì í ṣe pósí."

"Pósí sàn jù ú lọ. Wọ́n ṣì máa ń gbé pósí wá sísàlẹ̀."

Tai-ho ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé ọkùnrin yìí kúrò lórí omi, wọ́n ti sin ín láàyè nìyẹn. Ó wo ọmọ ẹ̀ lójú. "Tí mo bá wá iná tí ò ní kú lórí ẹ̀rọ yẹn tọ̀sán tòru ńkọ́?"

Kin-hang mí kanlẹ̀. "Tí iná bá dúró, ẹ dúró. Ọjọ́ tó bá kú, ẹ di ẹrù. Àdéhùn nìyẹn o, Màmá."

Kí Tai-ho tó lọ ra ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ agbára bátìrì diná, ó kọ́kọ́ lọ káàkiri gbogbo ọkọ̀ tó níná, ó ń tẹ́tí sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, etí ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ínfátà Lai Mei, aládùúgbò wọn, ńlá ni, owó pọ́ọ́kú ló sì rà á, àmọ́ fáànù ẹ̀ ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ sì ń gbọ̀n. Tai-ho ní kò burú, òun ti mọ èyí tí òun ò ní rà.

Ní Sham Shui Po, níbi tí ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná ti to lọ bẹẹrẹ, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Yip gbé ọ̀kan síwájú ẹ̀, pupa fòò, ó tó àpótí ìjókòó.

"Màmá àgbà, ọba wọn nìyí. Ó ń gbé fíríìjì, ó ń gbé kẹ́tùlù, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọrin nírọ̀lẹ́, ó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ kọrin ni? Iná ẹ̀ ń lọ geere, àbí ó ń ta kọ́kọ́kọ́?"

Yip dẹ́kun ẹ̀rín. "Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn?"

"Etí mi. Tan fáànù yẹn sí i kí n gbọ́."

Yip tan án. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Tai-ho kàn wò ó ni, Yip fúnra ẹ̀ ló pa á.

Èyí tó gbé jáde lẹ́yìn náà kéré, kò dán, owó ẹ̀ sì le. Àmọ́ iná ẹ̀ ń lọ geere bí òróró, àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ò ní ṣe gọ́tagọ̀ta lórí ẹ̀. Tai-ho tún bi í pé ṣájà ńkọ́? Torí bátìrì ńlá pẹ̀lú ṣájà kékeré, ìkòkò ńlá tí wọ́n ń fi ṣíbí pọnmi sí ni, ìgbà wo ló máa kún? Yip ní ṣájà wà nínú ikùn ẹ̀, ọmọ ìyá méjì nínú ara kan ni wọ́n: tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ fún ìwọ̀nba wákàtí, á bọ́ bátìrì yó, tí wọ́n bá pa á, á yí sí bátìrì kí ojú tó ṣẹ́.

"Màmá àgbà, ẹ ò ṣe wá bá mi tajà níbí?"

"Ilẹ̀ yín máa ń dúró gbagidi jù. Òòyì á máa kọ́ mi."

Ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù tí ìyá ẹ̀ fi sìn ín lọ ilé ọkọ ló tà tó fi rà á. Kò sọ fún Fo-shing.

Ọ̀gá Mok, tó máa ń ṣe iná ọkọ̀ ní Cheung Chau, ló wá gbé e kọ́. Ọmọ orí ilẹ̀ ni, àmọ́ ó mọṣẹ́. Ògiri méjì péré ló wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ yẹn. Ojúbọ Tin Hau, òrìṣà òkun, àti àwòrán àwọn òbí Fo-shing wà lára ọ̀kan. Èkejì ṣófo lóòótọ́, àmọ́ ojú pákó tó wà lókè ẹ̀ máa ń jò lójò. Ọ̀gá Mok wo òkè, ó wo ihò tó wà lórí ínfátà, ó bá yí i padà.

"Ọ̀gá Mok, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń gbé e kọ́ ni."

"Orí ẹ̀ ti wà nísàlẹ̀."

"Kò lórí, Màmá. Ihò tó fi ń mí ni mo kọ sísàlẹ̀, kómi òkè má baà wọnú ẹ̀."

"Ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kàwé lórí ilẹ̀ nìyẹn?"

"Nínú òkùnkùn yìí? Ta ló fẹ́ kà á, eku?"

"Nǹkan kan ò dorí kodò nínú ọkọ̀ yìí rí. Ẹ̀mí ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ nǹkan yìí, ẹ wá fẹ́ fi í kọ́ bí àdán."

"Kí n wá lẹ bébà bo orúkọ ẹ̀?"

"Tí wọ́n bá daṣọ bo ọ̀mùtí tó ṣubú, ṣé ó ti dìde nìyẹn?"

Fo-shing rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn títí ikọ́ fi gbé e. "Mok, gbà fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń bá a jà, mi ò tíì borí." Àmọ́ òun náà ò wo ínfátà tó dorí kodò yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

"Ká gbé ojúbọ wá síbí, kí èyí wà lọ́hùn-ún ńkọ́?" Ọ̀gá Mok béèrè.

Tai-ho wo ojúbọ, ó wo ibi tó ń jò, ó wá tẹjú mọ́ ọn títí ó fi mú irinṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá Mok gbé ínfátà kọ́ kó dúró ṣánṣán, ihò ẹ̀ lókè. Ó na ọ̀rá kan sókè ẹ̀, ó kàn án mọ́gi. "Màmá, mo ti sọ tèmi o."

"Mo ti gbọ́. Ẹ wá mu tíì."

Iná dúró. Gbogbo ìgbà ooru yẹn, Fo-shing máa ń jókòó sí ìdí ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, rọ́bà gígùn nímú, á máa bú àwọn tí ò mọ ọkọ̀ so. Àràárọ̀ ni Tai-ho ń nu ínfátà bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Kin-hang wá, ó gbọ́wọ́ lé e, ó ní ó dáa. Àmọ́ ojú ẹ̀ ò dáa.

Ìjì ńlá dé. Gbogbo ọkọ̀ ti wọlé, wọ́n so ara wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, ọ̀sán ṣú bí alẹ́. Ojú pákó ń jò, ọ̀rá yẹn ń gbà á, ó ń yọ ikùn bí aboyún. Tai-ho rí i. Ó ní kí òun gbé abọ́ wá gbọ̀n ọ́n. Kó tó dé, ọ̀rá ya, omi dà gbà sínú ihò. Ó dún pàá, òórùn iná gba inú ọkọ̀. Ẹ̀rọ mímí han gooro lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Ètè Fo-shing dúdú bí ẹ̀dọ̀. Tai-ho gbé e sórí itan, ó ń ké sí Lai Mei, Lai Mei ń ké sí ọkọ̀ kejì, igbe ń fò láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ títí ó fi kan etíkun. Ọkọ̀ àwọn agbẹ̀mílà ya omi wá. Fo-shing yè é.

Nígbà tí ìjì lọ, Ọ̀gá Mok tú ínfátà, omi ń kán látinú ẹ̀. Tai-ho ń retí kó bú òun, kò bú u.

Kin-hang ló kọjú sí i. "Ọ̀gá, irú iṣẹ́ wo rèé? Ẹ kọ ihò sókè, lábẹ́ ibi tó ń jò?"

"Má bá a wí," Tai-ho ní. "Èmi ni mo ní kó gbé e bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Kó má baà dorí kodò."

Kin-hang wò ó, àfi bí ẹni pé èdè tí òun ò gbọ́ rí ló ń sọ. Inú ọkọ̀ yẹn sì ni wọ́n bí i sí. "Màmá, àdéhùn la ṣe," ó ní. "Ẹ di ẹrù."

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ, wọ́n fọ́ ọ. Ní àjà kẹtàlélógún, wọ́n ki wáyà ẹ̀rọ mímí bọ iná ara ògiri, kì í kú rárá. Fo-shing jókòó sójú fèrèsé, ṣòkòtò tí àwọn èèyàn sá sí ilé kejì ló ń wò. Á béèrè pé, "Ibo latẹ́gùn ti ń fẹ́?" Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi, Wing-sum, ìyàwó Kin-hang, se ẹja gbígbóná tí wọ́n bu atalẹ̀ sí. Wọ́n jẹ apá òkè tán. Wing-sum rẹ́rìn-ín sí wọn, ó fi igi ìjẹun gbá ẹja náà mú, ó yí i padà.

Ọwọ́ Fo-shing dúró lókè. Kin-hang wolẹ̀.

"Ṣé mo ṣe nǹkan ni?" Wing-sum béèrè.

"Rárá, ìyàwó mi. O sè é dáadáa." Tai-ho bu nínú ẹja náà, ó fi sínú abọ́ ọkọ ẹ̀. "Jẹun jàre. Ọkọ̀ wo ló kù tó fẹ́ dojú dé?"