Òdòdó Sókótó Nínú Ilé Ìyá Wa

Mo rántí ọ̀sán tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Kàbbà, tó gbá ike ọ̀dà àtijọ́ kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Igi kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Ìdí igi náà wú bí iṣu, ewé orí rẹ̀ kò sì pọ̀. Sókótó ló ti gbé e wá, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣe olùkọ́ títí àìsàn fi mú un lọ. Ọkọ náà ló gbìn ín. Wọn kò bímọ. Nígbà tí mo fẹ́ bá a gbé ike náà, ó ní, "Fi sílẹ̀, kò wúwo."

Ìyá wa gbà pé kò sí ìbànújẹ́ tí iyán gbígbóná àti ọ̀pọ̀ àlejò kò lè ṣẹ́gun. Àwọn obìnrin ìjọ wa ń wọlé, àwọn ìyá láti mọ́sáláṣí òdìkejì ọ̀nà ń wọlé, wọ́n ń kí i bí a ti ń kíni níbí, "Ókun o, ókun o," láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi á dá wọn lóhùn, á padà sínú yàrá, á kọjú sí ògiri. Bí a bá ṣe gbé oúnjẹ tì í, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe gbé e jáde. Kò sunkún rárá, ìyẹn ló sì ń ba ìyá wa lẹ́rù jù. Kò pẹ́ tí ìyá wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọkùnrin kan ní ìlú Ìyàrá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Igi náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìtọ́jú yìí. Òjò ń rọ̀ sí i, ìyá wa sì tún ń bu omi sí i ní àràárọ̀ bó ti ń ṣe fún ata rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi náà, tí mo rò pé mo gbọ́n, ń da ìgbẹ́ adìẹ sí i kó lè tètè sanra. Ní ọjọ́ kan, a rí i pé ewé rẹ̀ ti pọ́n, ìdí rẹ̀ ti rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù, ó sì ń rùn. Mo sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. N kò tíì rí i kó yára dìde bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Ó fa igi náà tu, ó fi ọ̀rá wé ọwọ́, ó sì ń fi ọ̀bẹ gé ibi tó ti jẹrà kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ibi funfun.

"Ẹ má fọwọ́ kan oje rẹ̀ o," ló wí. "Oró ni. Àwọn ọdẹ ọ̀hún a máa fi í sórí ọfà."

"Oró!" ìyá wa ké. "O sì jẹ́ kí n máa bomi rin ín?"

"Màmá, omi yẹn gan-an ló ń pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ."

"Igi tí kò sí nínú ilẹ̀, tí kò mu omi, kí ni yóò máa jẹ?"

"Ó ní tirẹ̀ nínú." Ó tún ọ̀rá náà wé ọwọ́. "Ẹ fi wá sílẹ̀ díẹ̀, Màmá."

Ìyá wa gbọ́ "wá" yẹn. Èmi náà gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ igi náà sórí pẹpẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ fi gbẹ, kó tó gbìn ín sínú iyanrìn odò àti òkúta wẹ́wẹ́, nínú ike tó dá ihò sí nídìí. Ní àràárọ̀ ó ń jáde wá ti ìka bọ inú iyanrìn, láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó síta, tó ń bá mi ṣa ẹ̀wà. Ìyá wa kò dárúkọ ọkùnrin Ìyàrá mọ́. Mo máa ń rí i tí yóò bu omi, yóò dúró níwájú igi, yóò sì gbé ife náà padà. Bó bá gbé oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n mi, á gbé e kalẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rò pé ìfẹ́ náà ní àṣejù tirẹ̀?

Nígbà tí ọyẹ́ dé, gbogbo ewé igi náà já sílẹ̀. Mo kéde bí ọ̀mọ̀wé pé ó ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ń sinmi ni. Ọyẹ́ lọ tán, ooru mú, gbogbo ewéko àdúgbò wa gbẹ, ìgbà náà ni òdòdó pupa yọ lórí ẹ̀ka tí kò ní ewé kankan. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tó ti gbé láti Sókótó wá. Mo fẹ́ sáré lọ tù ú nínú, ìyá wa di apá mi mú.

"Jẹ́ kó sun ún."

Ó rọra lọ jókòó tì í títí ẹkún náà fi dá.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di olùkọ́ ní Mọ̀pà báyìí, ó sì ti tún lọ́kọ, ẹni tó fúnra rẹ̀ yàn. Ìyá wa ti di arúgbó. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ará àdúgbò wa kan tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó wá bi í léèrè ohun tó ṣe tí ọmọ tirẹ̀ fi bọ̀ sípò. Ó ní, "N kò ṣe nǹkan kan." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àgbà ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni. Èmi tí mo bá a gbé ilé nígbà náà mọ̀ bí ó ti nira fún un tó.