Àwòrán Labalábá Tí Bàbá Ò Rí

Mo rántí ìgbà tí ojú bàbá mi ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ní labalábá làwọn fẹ́ yà kẹ́yìn, káwọn sì fojú ara àwọn rí àwòrán rẹ̀. Ayàwòrán ni wọ́n l'Abẹ́òkúta kí fóònù tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kámẹ́rà onífíìmù wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo wá ń bá wọn wo inú ẹ̀. Lára igi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa la ti ya ẹyin labalábá, a ya kòkòrò tó jáde nínú ẹ̀, tó jọ ìgbẹ́ ẹyẹ, a tún yà á nígbà tó di aláwọ̀ ewé, tó so ara ẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, tó sì fi eèpo bora. Èmi ọlọ́gbọ́n ayé ìgbà náà fẹ́ fi èékánná la eèpo ọ̀hún kí labalábá lè tètè jáde. Bàbá ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tó jáde, àwọn ni wọ́n di ẹ̀ka mú, èmi ni mo tẹ kámẹ́rà.

Èkó nìkan la ti lè rí ẹni fọ fíìmù. Mo ní kí n gbé e lọ, bàbá kọ̀: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́, kí ló dé tí màá fi fo àgbà dá? Ẹ̀gbọ́n gbà á. Ó yẹ kí n máa pe ẹ̀gbọ́n ní "wọ́n", àmọ́ ẹ bá mi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ bàbá á béèrè, ẹ̀gbọ́n á ní àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ò tíì ṣe é tán. Mo gbà á gbọ́, òmùgọ̀ lèmi náà. Dókítà sì ti sọ fún gbogbo wa pé ojú náà ò ní pẹ́ ṣú.

Ó ṣú pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n fẹ́ fọ báàgì ọkọ ẹ̀, ó bá fíìmù náà nísàlẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n, kò wo ojú mi.

"Mo rò pé àyè ṣì wà," ló wí.

Mo gbé fíìmù lọ s'Ékòó fúnra mi. Kò sẹ́ni tó lè sọ òótọ́ fún bàbá. Nígbà tí mo fi àwòrán lé wọn lọ́wọ́, wọ́n dorí ẹ̀ kodò, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ojú ẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ìyẹ́ ẹ̀ hàn. Mo ní ó hàn dáadáa. Wọ́n wá yíjú síbi tí ẹ̀gbọ́n jókòó sí.

"Bí o ṣe jẹ́ṣẹ́ fún mi yìí, Ọlọ́run á jẹ́ káwọn ọmọ ẹ jẹ́ṣẹ́ fún ìwọ náà."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe àmín.

Bàbá ti kú báyìí. Bí mo bá rí labalábá lónìí, bàbá kọ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn, àmín yẹn ni. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè dárí ẹ̀ jì í.