Àga Oníbẹ́ẹ̀dì Inú Pálọ̀ Wa

Ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé kí àga máa jẹ́ àga lọ́sàn-án kó sì di bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ. Ó dá mi lójú pé ilé ńlá lòun ń gbé. Ẹni tó bá ń gbé irú ilé tiwa ò ní í dá irú ẹ̀ sílẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde nilé wa wà, láàárín ilé alájà méjì kan àti òmíràn. Ilẹ̀ tó ṣẹ́kù láàárín wọn ni wọ́n tà fún wa, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú. Nígbà tí àwọn ọmọ ti kúrò lọ́dọ̀ wa tán lèmi àti ọkọ mi kọ́ ọ, a ní ká ṣáà ti kúrò nílé onílé. Bíríkìlà wa to gbogbo ẹ̀ tẹ̀ léra bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Yàrá kan ṣoṣo ló ṣáájú, pálọ̀ tẹ̀ lé e, ilé ìdáná tẹ̀ lé pálọ̀, balùwẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ ti yàrá lọ tọ̀, àárín pálọ̀ ló máa gbà, kò sí ọ̀nà míì. Àwọn aládùúgbò ń pè é ní ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá rí wa níta, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìtukọ̀ o!" Àwa náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn tán lẹ́nu mi lẹ́yìn tí ìyá mi ṣubú. Ayépé nìyá mi ń gbé, òun nìkan, látìgbà tí bàbá mi ti kú. Ó ń fa omi ní kànga ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, kò sì lè dìde. Aládùúgbò kan tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ ló bá a nílẹ̀ níbẹ̀. Eegun ò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n dókítà wò mí lójú, ó ní ìyá yìí ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́ o, pé bó bá tún ṣubú, ó lè má rí ẹni tó máa gbé e dìde. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Mo lè máa kọ nǹkan sójú pátákó fáwọn ọmọ kíláàsì mi, kí n ṣàdédé rí ìyá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá kànga.

Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbé bí ẹrù. Alhaja ni, ó ta aṣọ títí ó fi kọ́ gbogbo wa níwèé, kò sì gbàṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ó ní òun á wá wò ó ná. Bó bá bá òun lára mu, òun á dúró. Bí ò bá bá òun lára mu, òun á padà sílé òun, kí n má sì bá òun jà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá ku ibi tó máa sùn.

Ọmọlúàbí lọkọ mi, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní kí ìyá gba yàrá wa, káwa máa sùn sí pálọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyá mi lọ.

"Kí rè é?" Bí Ìjẹ̀bú bá ti jáde lẹ́nu ìyá mi báyìí, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. "Èmi, kí n lọ máa sùn sórí ibùsùn tí àna mi ti dìde? Kí n jí láàárọ̀, kí n máa wo ṣòkòtò àna mi lára ògiri? Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́!"

Pálọ̀ ló kù. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo gbé téèpù, mo wọn pálọ̀ láti ògiri dé ògiri, mo tún un wọ̀n bóyá ó máa fẹ̀ sí i. Kò fẹ̀ sí i.

Mo kọ́kọ́ lọ sílé ìtajà àga kan lójú títì, èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe iwájú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tà á fa ìdí àga kan, àga náà ń yọ bọ̀, ó ń yọ bọ̀, àfi bí ẹni pé kò ní í tán.

"Ẹ wò ó, Mọ́mì, èèyàn mẹ́ta á sùn síbẹ̀ dáadáa."

"Èèyàn kan ni mo ní. Ibo lẹni tó bá fẹ́ kọjá máa gbà?"

"Àárín lẹ máa gbé e sí, Mọ́mì, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè ṣófo."

Ilé wa ò ní àárín, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ní. Mo kí i, mo jáde.

A ra fóòmù kan tí wọ́n máa ń fi páńpù fẹ́ bíi táyà. Ọkọ mi ní kóun kọ́kọ́ fara òun dán an wò kó tó kan ìyá. Nígbà tí mo jáde sí pálọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ni mo bá a gbalaja, afẹ́fẹ́ ti tán, rọ́bà náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n ra bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, irú ti ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí n máa kó ẹrù sísàlẹ̀ kí ìyá máa sùn sókè. Mo bi í bóyá ìyá tiẹ̀ mọ àkàbà gùn. A ò kíra fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹlòmíì ní kí n lọ sí Ijagun, kí n lọ ra fóòmù pẹlẹbẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ká sábẹ́ apá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sì nìyẹn máa ń wà. Ẹni tí kò lè ti ilẹ̀ dìde, ohun tó mú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wá gan-an nìyẹn, òun ni wọ́n ní kí n lọ tẹ́ sílẹ̀! Ó wá ń ṣe mí bíi pé gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ti pinnu láti máa mú mi bínú.

Bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo pe káfíńtà tó ń ṣe àga. Ó wá, ó wo pálọ̀, ó họ orí. Ó ní òun á ṣe èyí tí wọ́n á máa fà síwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á wó lulẹ̀ di bẹ́ẹ̀dì, àti pé bí wọ́n bá ṣí i tán, ó ṣì máa ku ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà. Ó pẹ́ kó tó gbé e dé. Mo ní aṣọ aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ilẹ̀ ló fi bò ó. Ìdí rẹ̀ wúwo bí ilẹ̀kùn báńkì. A ṣí i, ẹsẹ̀ adìẹ ló sì lè gba àlàfo tó kù. Ǹ bá jà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo sọ fún ara mi pé ìyá á máa ṣí i lálẹ́, á máa pa á dé láàárọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo tẹ́ aṣọ tuntun tí mo ti fọ̀ tí mo sì ká sí i lára, mo ti ìrọ̀rí tuntun sínú rẹ̀, mo pa á dé, mo lọ gbé ìyá mi wá.

Ó fọwọ́ tẹ àga náà. "Ó rọ̀," ó ní. "O ṣé, ọmọ mi. Ọlọ́hun á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà ṣe é fún ọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jáde, ó ti kírun asùbáà tán, ó ti pa àga dé, ó jókòó lé e pẹ̀lú tẹ̀súbà lọ́wọ́.

"Ẹ ẹ̀ jí ire, Ma? Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn dáadáa. Alhamudulilai."

Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárọ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni lójoojúmọ́. Orí mi wú. Mo sọ ọ́ kiri iléèwé pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, mo tilẹ̀ dárí ji káfíńtà.

Ẹni tí kò rọrùn fún, ọkọ mi ni. Ọkùnrin tó máa ń dìde tọ̀ lóru léraléra ni, dókítà mọ̀ sí i. Láti alẹ́ tí ìyá mi ti dé ló ti ní òun ò gbọdọ̀ gba pálọ̀ mọ́. "Ṣé kí n wá máa da ẹsẹ̀ kọjá lórí àna mi lójú oorun ni?" Ó gbé korobá kékeré kan wọ yàrá wa, ó fi ìdérí bò ó. Kí n tó wẹ̀ kí n lọ síléèwé, èmi ni mo máa fi ìró bo korobá náà, màá gbé e gba iwájú ìyá mi kọjá bí ẹni tó jí adìẹ gbé. Ìyá mi á ti dijú, á máa ka tẹ̀súbà rẹ̀ lọ. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ta ni kí n bínú sí?

Kò pẹ́ tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rí bákan. Á máa tòògbé nídìí oúnjẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Mo ní fáànù ni, mo gbé fáànù kúrò. Mo ní ẹ̀fọn ni, mo ra àwọ̀n. Mo ní oorun ọ̀sán tó ń sùn ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ le, mo wá ń jí i lọ́sàn-án, Ọlọ́hun á forí jì mí. Ibi gbogbo ni mo wò àfi ibi tó yẹ kí n wò.

"Ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín fún mi, Ma!"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè bí èèyàn nínú tó ìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé òun. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Mo ní kò burú, kó jẹ́ kó di Sátidé. Mo rò pé mo ṣì lè yí i lọ́kàn padà.

Nígbà tó di Sátidé, ó ń ṣe àlùwàlá ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn, mo ní kí n fa bẹ́ẹ̀dì náà jáde kí n fọ aṣọ rẹ̀. Ìlà tí mo fọwọ́ ara mi ká sára aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀ ketekete. Òórùn ọṣẹ ṣì ń yọ lára rẹ̀. Ìrọ̀rí ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á fún mi.

Ìyá mi ò tíì sùn síbẹ̀ rí.

Ó wọlé bá mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Ma, ibo lẹ ti ń sùn?"

Ó nu omi àlùwàlá kúrò lójú. "Orí àga."

"Ní ìjókòó? Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé?"

"Bí mo bá ṣí i, ibo lọkọ rẹ máa gbà lọ tọ̀? Mo rò pé ìgbà tí mo bá tòògbé ló ń kọjá. Ṣé kí àna mi máa ré kọjá lórí mi ni? Ibo sì ni màá tẹ́ ẹní ìkírun sí? Ohun tó wúwo bí èyí, bí mo bá ṣí i, mi ò lè dá a pa dé lásùbáà, àfi kí n jí yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ síbi iṣẹ́."

Ọkọ mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó gbé ọwọ́ lérí. "Màmá, mi ò gba ibẹ̀ rárá láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé. Nítorí yín ni. Inú yàrá ni mo ń tọ̀ sí." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, orí rẹ̀ kan ìdí àga.

Ẹlòmíì ì bá rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni ò ṣí ni wọ́n jọ ń bọ̀wọ̀ fún, ọ̀kan ń jókòó sùn, èkejì ń tọ̀ sí korobá. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Omijé ló dé, ìbínú sì wà nínú rẹ̀. Mo bínú sí ẹni tó ta ilẹ̀ fún wa, mo bínú sí bíríkìlà, mo bínú sí káfíńtà, mo sì bínú sí ìyá mi jù, pé ó lè fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀ kó máa wò mí lójú kó máa sọ alhamudulilai. Ọkọ mi ní òun á tún pe káfíńtà.

"Ẹ má wulẹ̀ pè é," ni ìyá mi wí. "Kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ẹ gbé mi lọ sílé mi."

Èmi ni mo wa mọ́tò. A dé Ayépé. Ìyá mi wọ yàrá rẹ̀, kò ṣí fèrèsé, kò tú gèlè, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì onírin rẹ̀ àtijọ́, kí n sì tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ń hanrun.

Mo ní kí n bá a pọn omi kí n tó padà. Mo dé ibi kànga, ewédò ṣì wà lára sìmẹ́ńtì níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Mo gbé garawa sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì padà sídìí mọ́tò.

Mo pe ọkọ mi. Mo ní mi ò lè fi Màmá sílẹ̀ o. Ó ní, "Mo ti ń retí kí o sọ ọ́. Màá kó aṣọ iléèwé rẹ wá kílẹ̀ tó ṣú."

Nígbà tí mo padà wọ yàrá, ìyá mi lajú. "O ò tíì lọ?"

"Mi ò lọ mọ́, Ma. Ibí ni màá máa ti lọ síléèwé."

Kò dúpẹ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ìgbà tó máa ń wo aṣọ tí wọ́n bá kó wá fún un láti tà.

"Gbogbo àga tí o ń wá kiri yẹn," ó ní, "o ò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́."

Ó sún mọ́ ògiri, ó fa ìrọ̀rí kan síwájú mi.

"Bọ́ bàtà rẹ kí o tó gorí ibùsùn mi."