Káńsẹ́lọ̀ fi màmá mi yangàn

Káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa yin màmá mi lónìí, àtìgbà náà ni àyà mi ti ń já.

Wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe l'Agége sórí pèèjì wọn: gọ́tà ẹ̀yìn iléeṣẹ́ oníke, iná títì, géètì tuntun tí a ń tì lálẹ́. Wọ́n wá fi fọ́tò màmá mi níwájú ilé wa sí i:

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Alájà wa, opó tó ń dá gbé. Ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà."

Mo pè wọ́n láti ibi iṣẹ́ n'Íkẹjà.

"Káńsẹ́lọ̀, ẹ ti júwe ìyá mi fún olè."

"Àbúrò, àpọ́nlé la fi ṣe o. Ṣé ẹ ò rí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣàdúrà fún wọn ni?"

Mo pe màmá mi. Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbé e.

"O ti rí mi? Mo ti gbé e sórí status mi. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí tiẹ̀ wá kí mi nítorí ẹ̀. Ó ṣì wà ní pálọ̀."

Mo ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré yà wò wọ́n.

Kẹ́ ẹ sì yéé kọ "Àmín" sábẹ́ fọ́tò yẹn. Àmín yín ló ń gbé e káàkiri.