Ohùn Ọmọ́yẹmí Nínú Ẹ̀rọ

Ní gbogbo Nasarawa Gwong, bí ẹ bá ń wá ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jos, tó ṣì lè ka ìfilọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láì fi Hausa lú u, Ọmọ́yẹmí lẹ máa bá. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ọ̀fà wá ṣe akọ̀wé rélùwéè, bàbá rẹ̀ ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ Hausa nídìí oúnjẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìjọ. Kò dùn ún. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, òun náà sì mọ̀.

Ohùn yìí ni Jíbọ́lá wá tọrọ. Jíbọ́lá ń bá àwọn dókítà kan ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí yóò máa bi àwọn ìyá ọmọ tuntun léèrè, ní etí wọn nìkan, bóyá wọ́n ń mutí tàbí wọ́n ń lo oògùn tó ń di bárakú. Ohun tí ẹnu ò lè sọ fún nọ́ọ̀sì, ìka lè tẹ̀ ẹ́. Hausa ti wà, Gẹ̀ẹ́sì ti wà, Yorùbá ló kù. Gbólóhùn kan wà tí Ọmọ́yẹmí kà lẹ́ẹ̀mẹta: "Má bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ."

"Àǹtí Yẹmí, ẹ ń kà á bí ìfilọ̀ òkú," ni Jíbọ́lá wí. "Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé àbúrò yín ló jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ọmọ́yẹmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kó tó rí i sọ dáadáa. Ó délé, ó ròyìn fún Simeon ọkọ rẹ̀. "Kai! Ẹni tó bímọ tán tó ń lo oògùn, aláìláàánú ni," ni Ọmọ́yẹmí wí. Ẹ má bá a wí. Ayé ti dá a lóhùn.

Lọ́dún kejì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Ànúolúwapọ̀ jáde nínú rẹ̀. Oògùn ìrora tí ọsibítù fún un tán, egbò ṣì ń ro ó. Ọkùnrin oníkẹ́míìsì kan ní Tina Junction fún un ní tramadol, ó ní yóò tètè gbé e. Lóòótọ́ ló gbé e. Ó gbé ìrora, ó gbé ẹkún, ó gbé ayọ̀ pàápàá lọ. Nígbà tí egbò máa fi jiná, bí kò bá tíì lò ó láàárọ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, àágùn á bò ó.

"Ìyá Ànú, mi ò gbọ́ orin lẹ́nu ẹ mọ́," ni Simeon máa ń wí.

"Ó rẹ̀ mí ni."

Ọmọ ń sùn ṣáá. Àwọn ará ilé ń yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í da ìyá rẹ̀ láàmú. Ọmọ́yẹmí nìkan ló ń rí i pé bí ọmú bá wà lẹ́nu ọmọ, ọmọ á gbàgbé láti fà á. Ó mọ̀ pé oògùn tó ń bá ọmú wọlé ló fà á. Kò dùn ún, ìyẹn gan-an ló burú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì Sherifat gbé ẹ̀rọ náà fún un lẹ́yìn kọ́tìnì. Ó yan Hausa. Obìnrin tí kò mọ̀ rí ló ń bi í léèrè. Ó tẹ a'a, ìyẹn rárá, ó tún tẹ a'a, títí ó fi tán, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, Sherifat gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ lajú, ó tún dì í.

"Ìyá Ànú, ọmọ yìí ò tẹ̀wọ̀n tó o. Dókítà gbọ́dọ̀ rí i lónìí. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Yorùbá tiẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó yàn án rí, Hausa ni gbogbo yín ń tẹ̀. Ohùn ẹni tó kà á sì dùn, Èdùmàrè!"

Lẹ́yìn kọ́tìnì, Ọmọ́yẹmí tẹ Yorùbá. Kì í ṣe ìgboyà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bí òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

"O kú ewu ọmọ," ni ohùn náà wí. Ohùn náà yá gágá, ohùn ẹni tí ojú rẹ̀ ò tíì rí nǹkan. "Láti ìgbà tí o ti bímọ, ǹjẹ́ o ti lo oògùn ìrora kọjá bí dókítà ṣe ní kí o lò ó?"

Ọmọ́yẹmí ò tẹ nǹkan kan. Ó ti purọ́ fún ọkọ, ó ti purọ́ fún nọ́ọ̀sì, ó ti purọ́ fún pásítọ̀. Ẹ̀rọ dúró dè é, nígbà tí kò rí èsì, ó ní, "Má bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ." Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ṣì wà ní ìparí rẹ̀, Jíbọ́lá ò gé e kúrò.

Ó wá ìtìjú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá ẹkún, kò rí i. Ìka ló rí. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

"O ṣeun tí o sọ fún mi," ni ohùn rẹ̀ wí. "Má ṣe dá oògùn náà dúró lójijì fúnra ẹ. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀."

Sherifat wọlé, kò pariwo. Ó gba ọmọ mọ́ra, ó na ọwọ́ kejì. Ọmọ́yẹmí tú etí ìró rẹ̀, ó kó oògùn tó kù fún un.

"Dókítà máa sọ bí ẹ ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀," ni Sherifat wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn sọ?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ ọ́." Ọmọ́yẹmí wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. "Má bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ." Bí ìfilọ̀ òkú ló ṣe jáde.

Sherifat wò ó, ó wo ẹ̀rọ. Ó wá na ọmọ náà sí i.

"Ẹ gba ọmọ yín," ló wí, "ká lọ bá dókítà."

Ọmọ́yẹmí na ọwọ́, ó gbà á.