Iṣu Tí Mo Rù Jáde ní Anthony

Láyé ìgbà yẹn, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọwọ́ gbogbo ènìyàn, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ná ọjà Mile 12 tí òun ò mọ̀ mí, àlejò ni onítọ̀hún. Praimárì tíríì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí lọ́ọ̀rì mi bá ti dé láti Òkè-Ògùn, gbogbo ìsọ̀ iṣu á dákẹ́. Wọ́n ń dúró kí n pe iye tèmi kí wọ́n tó pe tiwọn. Mo kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ìkòsí. Mo lọ sí Mẹ́kà, mo bọ̀. Mi ò gbé ẹrù sórí mọ́ láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́mọ ẹ̀yìn ọ̀gá. Mo ní alábàárù tó ń gbé e. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ilé tí ebi ti fẹ́ pa ọmọ.

Ewúrẹ́ ló tú àṣírí. Ọmọbìnrin mi àgbà ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó ń dúró de yunifásítì. Yàrá rẹ̀ ló máa ń gbé oúnjẹ wọ̀, abọ́ á sì jáde lófìfo. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ẹ ò rí i pé ó ti jẹ ẹ́ tán?" Ṣùgbọ́n ọmọ ń rù. Ó ń wọ súwẹ́tà nínú ooru. Irun rẹ̀ ń já sínú kóòmù. Mo wá ṣàkíyèsí pé bí a bá ti ń gúnyán, ewúrẹ́ àdúgbò á tò sábẹ́ fèrèsé rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dúró sẹ́yìn tánkì omi. Ọwọ́ kan yọ láti ojú fèrèsé, ó rọra ju iyán sílẹ̀ funfun báláú. Iyán iṣu mi! Mo ti ń ká apá aṣọ mi sókè kí n tó wo ọwọ́ yẹn dáadáa. Bí ẹ̀ka igi gbígbẹ ló rí. Ìbínú mi tán kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, Daddy."

"Kí ló wá dé tó ò jẹun?"

"Mo ti sanra jù."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ wò ó, níbi tí wọ́n ti bí wa, ọmọ tó bá kọ oúnjẹ, inú ló ń bí i, ẹ̀bẹ̀ la sì fi ń mú un jẹun. Mo kó ẹlẹ́bẹ̀ jọ. Àwọn àgbà wá láti Òkè-Ògùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Ògùdù, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí òun gbé pọ̀n: "Ìyá mi, ẹ dákun, òkèlè kan péré. Ẹ wò mí lórí ìkúnlẹ̀." Gbogbo wa yí i ká, a tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi omijé gbé òkèlè náà mì. Ó gbé òmíràn mì. A pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ó wọ balùwẹ̀, a sì gbọ́ tó ń bì í.

Ìyá rẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ń lọ mọ́ṣáláṣí. Ìhà méjèèjì ni wọ́n ti gbàdúrà. A lo oògùn aràn, a lo oògùn ọgbẹ́ inú. Ọmọ ń gbẹ lọ. Ní ọjà, àwọn kan ní éèdì ni. Oníṣu kan tó máa ń bá mi figagbága kò tiẹ̀ rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀:

"Ẹni tó ń bọ́ Èkó, kò rí ọmọ ara rẹ̀ bọ́!"

Èmi tí mi ò kì í jẹ gbèsè ọ̀rọ̀, mo kó owó iṣu mi sápò, mo gba ilé lọ.

Ọjọ́ tí ọmọ náà ṣubú lórí àtẹ̀gùn la gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n fa omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Alhaji, omi yìí á gbé e dìde, kò ní wò ó sàn. Ìrònú ló ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a wá ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú irú àìsàn yìí. Ẹ yára o. Mo ti rí èyí tó kú."

Ìyá rẹ̀ gbá àyà mú. "Ṣé ọmọ mi ya wèrè ni?"

"Bó bá ṣe wèrè, bí kò ṣe wèrè, èmi fẹ́ kó wà láyé," ni mo sọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá dókítà ọ̀rọ̀. Èmi tí mo lè fi fóònù kan wá lọ́ọ̀rì iṣu láti ìlú tí mi ò dé rí, mo wá ènìyàn kan ṣoṣo ní Èkó, mi ò rí i. Dókítà kan ní àwọn tó ń fa igbó lòun mọ̀ ọ́n wò. Òmíràn ti lọ sí ìlú òyìnbó. Ọ̀kan fi mí rẹ́rìn-ín: "Alhaji, àìsàn òyìnbó ni. Ọmọ Yorùbá kì í ṣe é. Ẹ fún un ní ìgbátí." Mo jókòó sínú mọ́tò lẹ́yìn ìyẹn, mo sì sunkún, èmi yìí. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì yẹn ló tún pè mí. Ó ti bá mi rí dókítà ọ̀rọ̀ kan, obìnrin, ní àdúgbò Anthony.

Mo pe obìnrin náà. Mo ní, "Dókítà, ẹ bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan náà kó tán. Mi ò kì í ṣe ènìyàn kékeré."

"Alhaji, kò sí lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀. Á máa wá ni, á sì pẹ́. Dókítà ara á máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú. Ohun kan ni mo fẹ́: ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kó fi wọlé. Bí ẹ bá wọ́ ọ wá, kò ní bá mi sọ̀rọ̀."

Mo lọ bá ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí lásán ni ẹni tó bá wò ó lójijì máa rí.

"Daddy, ṣé wọ́n á fún mi lóúnjẹ níbẹ̀?"

"Rárá. Ọ̀rọ̀ lásán ni."

"Ẹ búra."

"Kí iṣu mi jẹrà nínú lọ́ọ̀rì bí mo bá purọ́."

Ó wá ní, "Ó dáa."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. A kì í lọ́wọ́ òfo lọ sílé ẹni tí a fẹ́ bẹ̀ fún ẹ̀mí ọmọ. Ta ni ìyá rẹ̀ kò kọ́ bẹ́ẹ̀? Kí n tó mú ọmọ jáde láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, mo ti ní kí dírẹ́bà mi fi fáàǹ ìkẹ́rù kó iṣu lọ ṣáájú, àwọn ògidì tí mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún ọba. Ó kó wọn sílẹ̀ tán, ó fi fáàǹ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì lọ wá tíì mu. Inú mi dùn lójú ọ̀nà. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé obìnrin yìí á mọ ọmọ ẹni tí òun fẹ́ wò.

A dé. Dírẹ́bà ti to iṣu náà sí fàráńdà, ọ̀tún àti òsì ilẹ̀kùn, ó ga dé àyà ènìyàn. Ọ̀nà tóóró kan ló kù láàárín wọn.

Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀. Ó rí i. Ó wo iṣu, ó wò mí.

"Ṣebí ẹ ti búra fún mi."

"Ọmọ mi, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe..."

Ó ti sáré. Mi ò mọ ibi tó ti rí agbára. Ó sọdá títì, mọ́tò kan fọn fèrè lé e lórí, ó sì jókòó lórí kọ̀ǹkéré gọ́tà ní òdìkejì, ó ń mí gúlegúle. Mo fẹ́ lọ gbé e, ìwọ̀n rẹ̀ ò tó ti ògbólógbòó iṣu kan. Ọwọ́ kan dì mí mú. Dókítà náà ni, obìnrin kúkurú tó wọ sálúbàtà ilé, ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa láti ẹnu ilẹ̀kùn.

"Bí ẹ bá gbé e, ó tán nìyẹn."

"Dókítà, ọmọ mi ń kú lọ!"

"Mo mọ̀. Ẹ kó iṣu yín kúrò lójú rẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n wá alábàárù. Ó ní, "Ta ló búra fún un? Alábàárù?" Ó sọdá, ó lọ jókòó lórí gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi.

Mo bọ́ agbádá mi. Mo ká a ṣe òṣùká. Èmi tí mo ń pe iye iṣu fún ọjà Mile 12, mo ru iṣu lójú ọ̀nà Anthony, láti fàráńdà dé inú fáàǹ. Ọrùn mi ti gbàgbé iṣẹ́. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nítòsí ké sí mi: "Alhaji, ẹ̀bùn lẹ ń gbà padà? Ahun o!" Ojú mi wà ní òdìkejì títì. Bí mo bá ti gbé ọ̀kan, màá wo ọmọ náà. Kò mira. Mo ń bẹ Ọlọ́run ní gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn iṣu wọ̀ mí lójú, ó wọ̀ mí lẹ́nu.

Nígbà tí fàráńdà ṣófo, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàǹ. Kò dìde. Mo rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ kó tó na ìka rẹ̀ tó rí bí ìgbálẹ̀.

"Daddy, ọ̀kan ṣẹ́kù lẹ́yìn ìkòkò òdòdó."

Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni. Mo gbé e sórí, mo rù ú jáde bíi ti àwọn yòókù. Ó wò mí títí mo fi sọ̀ ọ́ sínú fáàǹ. Ó wá dìde, ó di ògiri mú díẹ̀, ó sọdá, ó gba iwájú mi kọjá láìwò mí, ó sì wọlé. Dókítà tẹ̀ lé e, ó ti ilẹ̀kùn.

Kò sí ọlọ́jà tó tíì ru ẹ̀bùn ara rẹ̀ jáde báyìí rí. Èmi nìkan ni. Mo jókòó sórí iṣu nínú fáàǹ, mo ń wo ilẹ̀kùn náà, mi ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.