Abẹ́rẹ́ Ìbọn Mẹ́sàn-án Nínú Abọ́ Epo Kan

Ní ilé ìwé wa ní Kútọnu, ènìyàn ni wọ́n kọ́ wa pé wọ́n máa ń yìnbọn lù. Nígbà mìíràn ẹran, nígbà mìíràn mọ́tò. Kò sí ìwé kan tí mo kà níbẹ̀ tó sọ ohun tí a ó ṣe bí ẹnìkan bá yìnbọn lu omi. Ẹ wá wò ó, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ láyé mi, tọ́ńkì omi abúlé wa ni wọ́n yìnbọn lù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé tọ́ńkì náà kí ẹ má baà fi mí ṣẹ̀sín. Lápá Odomẹta níbi tí wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ pupa ni, omi sì jìnnà nísàlẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn ìyá wa ti ń ru omi kí wọ́n tó gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún wa, tí wọ́n sì gbé tọ́ńkì dúdú ńlá kan lé orí irin gíga. Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde, àwọn obìnrin jó débi pé ọ̀kan nínú wọn gbàgbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ẹlòmíràn. Nítorí náà, ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí a rí ihò wẹ́wẹ́ bí ojú asẹ́ ní ikùn tọ́ńkì, tí omi ń ya sílẹ̀ tí ewúrẹ́ ń mu ún, ariwo tó sọ kì í ṣe kékeré. Àwọn obìnrin búra pé ẹni tó ṣe é, àwọn kò ní bá a jẹun mọ́, àwọn kò sì ní bá a kíra.

Rebeka ni orúkọ mi. Ọdún kẹta ni mo wà nígbà náà ní ilé ìwé tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, ìmọ̀ ìbọn ni mo sì yàn láàyò. Ìyá mi a máa sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé nọ́ọ̀sì ni mo ń kọ́. Wọ́n rán mi wálé láti wá ṣe sitáàzì, ìyẹn ni pé kí n wá fojú rí iṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Kọmisẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, ọmọ òkè Àríwá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Akẹ́kọ̀ọ́, ṣé ìbọn lo ní o mọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ṣẹ́ẹ̀fù.”

“Abúlé rẹ ni wọ́n ti yìnbọn lu tọ́ńkì. Lọ wá ẹni náà wá fún mi.”

Bí ẹni pé ó ní kí n lọ ra ata wá lọ́jà ni.

Abẹ́ igi kajú kan níwájú tọ́ńkì ni mo ti rí kàtúùṣì òfìfo, ike pupa tí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin, tí ẹ̀tù àti ọta ti jáde nínú rẹ̀. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí mo kọ́. Ìbọn kékeré tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe, inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tó lọ́ bí okùn, ìlà yẹn a sì fi àpá sára ọta tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Oṣù mẹ́rin gbáko ni a fi kọ́ ọ. Ìbọn ọdẹ tiwa ńkọ́? Inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí inú páìpù, ọta a kọjá kò ní ní àpá kan. Oṣù mẹ́rin mi wọmi lọ.

Ṣùgbọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn ìbọn, òun ló máa ń gún ìdí kàtúùṣì kó tó bú. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é nílé wa. Alágbẹ̀dẹ abúlé wa, Baba Ògúndélé, ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ rọ gbogbo wọn, nítorí náà kò sí méjì tó jọra. Ẹni tó bá fi awò ńlá tó ń mú ohun kékeré tóbi wo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gún, ó ti rí abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ìbọn mẹ́sàn-án tó ń lo kàtúùṣì ló wà lábúlé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Kọmisẹ́ẹ̀ ní kí wọ́n kó gbogbo wọn wá. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá mi. Bàbá mi, dirẹ́tẹ̀, ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, katikísì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ra ìbọn nítorí pé ó ní òun kò lè jókòó sílé kí òun máa ka eṣinṣin. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyẹn nídìí ọdẹ, a kò tíì fi ohun tó pa se ọbẹ̀ rí.

Mo yin ìbọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sínú dúrọ́ọ̀mù tí mo fi òwú àràbà dí. Ìbọn kẹta tì mí léjìká, mo jókòó sílẹ̀ pà, àwọn ọlọ́pàá pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo kó àwọn kàtúùṣì náà sínú agolo wàrà, ó di Kútọnu. Lábẹ́ awò ńlá ilé ìwé, mo rí i! Kàtúùṣì abẹ́ igi kajú ní àpá kan tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ó sì ní eyín kékeré kan létí. Ti ìbọn keje rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Olùkọ́ mi tí a ń pè ní Mẹ́tù, bàbá Fọ̀n kan tí orí rẹ̀ ti pá nídìí iṣẹ́ yìí, wò ó pẹ̀lú.

“Láti ọjọ́ tí wọ́n yin ìbọn yìí títí di ọjọ́ tí ẹ gbà á, ibo ló wà?”

“Lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni, Mẹ́tù.”

“Ṣé o béèrè?”

“Ibo ló tún lè wà?”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ó dáa. Ìwọ lo máa buwọ́ lu rapọ́ọ̀ rẹ.”

Mo kọ rapọ́ọ̀, ìyẹn ìwé àbájáde iṣẹ́ mi, pé ìbọn keje ni, mo sì buwọ́ lù ú. Mo tiẹ̀ fi ìlà méjì sábẹ́ orúkọ mi.

Ìbọn keje, Baba Láyémi ló ni ín, olórí ọdẹ wa, bàbá arúgbó tó kọ́ bàbá mi ní ọdẹ. Òun ló máa ń fi itan ìgalà ránṣẹ́ sílé wa lọ́dọọdún, kí ìyá mi má baà sọ pé ọkọ òun ń fi àsìkò ṣòfò nínú igbó. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni wọ́n wá mú un. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ adájọ́ ní Pobè, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ló kàn, nítorí tọ́ńkì ìjọba ni.

Mo ti rò pé abúlé yóò gbé mi gẹṣin. Ìyàwó Baba Láyémi pàdé mi lójú ọ̀nà. Ìyá tó ń pè mí ní “Rebeka ọmọ mi” láti ìgbà tí mo ti ń rá, ó dúró, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, màdáàmù.” Ó kọjá lọ. Ìbá gbá mi létí, ìbá sàn fún mi. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àtìmọ́lé láràárọ̀, iyán ni, ẹran ni. Mo sọ fún ìyá mi pé irú ọ̀rẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ní Ọjọ́rú, ọkàn mi kò balẹ̀, mo lọ bá Baba Láyémi níbi tí wọ́n tì í mọ́.

“Baba, kí ni tọ́ńkì ṣe yín?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìbọn mi wo ló máa lu tọ́ńkì? Èyí tó ti yadi láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn? Bí mo bá fà á, á ta kẹ́, kò ní bú. Ọjọ́ tí Ògúndélé tún un ṣe fún ọdún Ògún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóhùn.”

“Ọjọ́ wo nìyẹn?”

“Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí tọ́ńkì ti jò tán.”

Ìbọn tó yadi ní Ọjọ́bọ̀ kò lè lu tọ́ńkì. N kò dágbére fún un, mo ti wà lórí zẹ́mi, alùpùpù akérò.

Baba Ògúndélé wà ní àgbẹ̀dẹ, ó ń fẹ́ná. Mo bi í ohun tó ṣe sí àwọn ìbọn ní ọjọ́ Ògún. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ tó lọ sí Kútọnu wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, ló bá jókòó.

“A óò tú gbogbo wọn sórí ẹní kan. Abẹ́rẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, a óò kó wọn sínú abọ́ epo kan ṣoṣo, kí wọ́n jọ mu. Nírọ̀lẹ́, a óò tò wọ́n padà.”

“Oníkálùkù sínú ìbọn tirẹ̀?”

Ó wò mí bíi pé mo bú u. “Kí ló dé? Èyí tí ọwọ́ bá bà ni. Ògún ló ń pín in. Bí abẹ́rẹ́ rẹ bá wà nínú ìbọn mi, ṣé ìbọn mi á lè pa ọ́ nínú igbó? Ìdí nìyẹn tí ọdẹ abúlé yìí kì í fi ṣèèṣì yìnbọn lu ara wọn.”

Yéè! Mo gbé ọwọ́ lérí. Ọmọ abúlé náà ni mí, mo sì mọ̀ pé wọ́n ń fọ ìbọn fún Ògún, bàbá mi gan-an, katikísì, máa ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́, a ní, “Ìbọn ló ń lọ, èmi kò lọ.” Ṣùgbọ́n n kò fi ìgbà kan rí bi ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó lu tọ́ńkì ti kúrò nínú ìbọn tó lu tọ́ńkì. Bàbá arúgbó ló sì ń sùn lórí símẹ́ǹtì nítorí ìlà méjì tí mo fà sábẹ́ orúkọ mi.

Ọ̀nà kan ló kù. Ọdẹ kì í da kàtúùṣì òfìfo nù, wọ́n máa ń kó o pamọ́ láti tún un kì. Èyí tí wọ́n bá yìn ṣáájú ọjọ́ Ògún, àpá abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni yóò wà nídìí rẹ̀. Mo mú awò kékeré mi, mo ń lọ láti ilé dé ilé. Mo ti mọ àpá oṣù tuntun yẹn bí mo ṣe mọ ojú ìyá mi. Ilé mẹ́jọ, kò sí níbẹ̀. Ilé kẹsàn-án ni ilé wa.

“Ti bàbá rẹ kò pọ̀,” ni ìyá mi wí nídìí àdògán. “Ìgbà wo ló ń yìn ín? Mú èyí tí mo fi ń wọn káún sí ẹ̀wà.”

Mo fọ káún kúrò lára rẹ̀, mo gbé awò lé e. Oṣù tuntun, eyín kékeré kan létí.

“Ṣé ó ti dípẹtà ni?” ìyá mi bi mí. Mo mú un dání, mo jáde.

Bàbá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yan orin ọjọ́ Ìsinmi.

“Bàbá, kí lẹ yìnbọn lù ní Ọjọ́bọ̀ yẹn?”

Ó rọra pa ìwé orin dé. “Awó. Ó bà sórí tọ́ńkì. Ó tóbi, Rebeka! Mo ní lónìí, ìyá rẹ máa se ẹran tí èmi pa.”

“Awó ọ̀hún ńkọ́?”

“Ó fò lọ. Mo rí omi tó ń ya, mo sá, n kò tilẹ̀ rántí ṣa kàtúùṣì.”

“Baba Láyémi ti wà látìmọ́lé láti ọjọ́ Ajé!”

“Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ.”

“Ẹ ń gbé oúnjẹ lọ, ẹ ò gbé ẹnu lọ!” Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Kò bínú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ojú ló ń tì mí. Ojú kan náà tí mo fi ń wàásù fún wọn. Kí lo máa kọ?”

“Ohun tí mo rí ni, Bàbá.”

“Bàbá rẹ ni mí o.”

“Bàbá mi ni yín. Baba Láyémi náà, bàbá ni.”

Ó dìde, ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tó jáde, kóòtù ọjọ́ Ìsinmi ló wọ̀, pẹ̀lú táì. “Pe zẹ́mi méjì,” ló wí. “Mi ò ní bá ọ jókòó sórí ọ̀kan bí àpò àgbàdo.”

Ní iwájú Kọmisẹ́ẹ̀, ó jẹ́wọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Kọmisẹ́ẹ̀ mú rapọ́ọ̀ mi àkọ́kọ́, ó fẹ́ ya á. Mo ní kó jọ̀wọ́ má ya á, pé èmi ni mo buwọ́ lù ú. Wọ́n mú Baba Láyémi jáde. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù.

“Olùkọ́, ìwọ ni?” ni Baba Láyémi bi í.

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ìwọ gan-an? Ìbọn rẹ bà á?”

“Ó bà á.”

Baba Láyémi bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, Kọmisẹ́ẹ̀ náà yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú arúgbó náà. “Mò ń gbàdúrà fún ọ lórí símẹ́ǹtì yẹn o. Mò ń ní kí Ọlọ́run san án fún ọ nítorí iyán.” Bàbá mi kò gbé orí sókè. “Dìde,” ni Baba Láyémi wí nígbà tó yá, “ẹ̀wù rẹ ń dọ̀tí.”

Wọ́n gba ìbọn rẹ̀, adájọ́ sì ní kó ra tọ́ńkì mìíràn. Àwọn obìnrin fi odindi oṣù kan yan bàbá mi lódì.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kíláàsì mi, mo máa ń fi rapọ́ọ̀ àkọ́kọ́ yẹn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tòun ti ìlà méjì abẹ́ orúkọ mi, n ó ní kí wọ́n wá àṣìṣe rẹ̀. Wọ́n a yẹ àwòrán wò, wọ́n a wọn àpá. Ó máa ń pẹ́ kí ẹnìkan tó béèrè ibi tí ìbọn náà gbà kọjá. Nígbà náà ni n ó sọ ìtàn yìí fún wọn, wọn a rẹ́rìn-ín, ẹnìkan a sì bi mí bóyá bàbá mi dárí jì mí.

Mo máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà ilé lọ́jọ́ náà fún wọn. Bàbá mi kọ̀, kò gun zẹ́mi padà, ó ní ká rìn.

“Rebeka, ká ní o dákẹ́, èmi náà ìbá dákẹ́. N bá jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí Pobè.” Ó bọ́ táì rẹ̀, ó ká a mọ́ ọwọ́. “Àwo oúnjẹ ni n bá máa gbé tẹ̀ lé e.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì ń rìn lọ.